Etí Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

"Bàbá Ràṣídì, ẹ jẹun o. Ẹ má dúró dè mí."

Ohun tí màmá yín àgbà sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Inú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́, ó yọ orí níbi fèrèsé. Ràṣídì ọmọ wa ló ń gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kì í ṣe pé àìsàn náà le. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ìdí ọkọ̀. Mo ní ó dàbọ̀. Mo padà wọlé, mo jẹun. Ẹ gbọ́, mo jẹun yó. Ìgbà tí fóònù dún pé ó ti kú, mo ṣì ń fọ ọwọ́.

Kúdí, ṣé nǹkan yẹn ti ń gba ohùn mi? Ó dáa. Gbé e sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ ní kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe di Sálíù Onídùùrù tí gbogbo Ọ̀tà mọ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ màá sọ ọ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe bí mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Òyìnbó ló ṣì ń ṣàkóso nígbà náà. Ṣàngó tí ẹ mọ̀ yìí, tí ọkọ̀ ò jẹ́ kéèyàn sọdá títì, igbó ni. Igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà lónìí, bàbá mi gbin àgbàdo níbẹ̀. Láti Ìlò-Awẹ́là wọ àárín ìlú, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, o sì lè máà pàdé ju ẹni mẹ́ta lọ lójú ọ̀nà. Ìlú dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín, torí òun ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìlú dákẹ́. Tí ẹnì kan bá wúkọ́ ní agbo ilé kejì, wàá mọ ẹni tó wúkọ́. Lónìí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ níwájú, tírélà lẹ́yìn... ta ló lè gbọ́ nǹkan?

Mo kàwé. Wọ́n rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta, mo sì parí rẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé akọ̀wé ni màá ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ń tún aago ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi mọ nǹkan kéékèèké. Ìgbà tí mo padà sí Ọ̀tà, mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́yìn ilé bàbá mi, mo ní aago ni màá máa tún ṣe. Èèyàn mélòó ló ní aago ní Ọ̀tà nígbà náà? Mo jókòó títí, kò sẹ́ni tó wá.

Dùùrù ẹnu ló wá. Máòtọ́gàn là ń pè é. Èyí téèyàn ń gbé sẹ́nu, tó ń fẹ́, tó sì ń fà. Àwọn ọmọ wa tó lọ sógun Bọ́mà ló kó o wọ̀lú. Àwọn atukọ̀ ojú omi náà ń tà á ní Èkó. Kò sẹ́ni tó ra tuntun. Àlòkù ni gbogbo rẹ̀. Igi àárín rẹ̀ ti wú, ìbòrí rẹ̀ ti dípẹtà, itọ́ èèyàn méje ti gbẹ sínú rẹ̀. Wọ́n á kó o wá bá mi. Màá yọ ìṣó rẹ̀, màá tú u palẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ idẹ rẹ̀. Màá sá igi rẹ̀ síbòji kó má baà sán, màá wá fi ìda oyin dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Tó bá fi máa jáde lọ́wọ́ mi, á máa dán. Á dà bíi tuntun.

Ó dà bíi tuntun ni mo wí. Kò dún bíi tuntun.

Ẹ gbọ́. Ahọ́n idẹ ló wà nínú dùùrù ẹnu, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ahọ́n kan, ohùn kan. Tó bá ti pẹ́, ohùn á yẹ̀. Tí o bá fi fáìlì, irin tó ń ha nǹkan, fá orí ahọ́n náà, ohùn á gòkè. Tí o bá fá ìdí rẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Díẹ̀ ni o, bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ mi lè ṣe é. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n etí... Ọlọ́run ò fún mi ní etí. Màá fá a, màá fẹ́ ẹ, màá ní ó ti dáa. Kò dáa. Àwọn tó ni ín á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò sì ní padà wá mọ́.

Ìyá màmá yín ló ń ta ìda fún mi. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé wọn àti ilé wa. Bàbá rẹ̀ ni Búráímọ̀ télọ̀. Agbádá ni wọ́n ń rán. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ rán màmá yín pé kó gbé ìda wá fún mi. Sínótù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìda wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọlé. Mo ń fẹ́ dùùrù kan lọ́wọ́.

Ó ní, "Bùọ̀dá Sálíù, ẹnì kan ń sunkún níbẹ̀."

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Níbo?"

"Nínú nǹkan tó wà lẹ́nu yín. Ìkẹfà. Àwọn yòókù ń kọrin, òun ń sunkún."

"Ìwọ mọ ìkẹfà?"

"Mo lè kà dé mẹ́wàá, Bùọ̀dá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fá ahọ́n kẹfà, mo fẹ́ ẹ. Ó mi orí. Mo tún fá a. Ó mi orí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé ìda sílẹ̀, ó ní, "Ó ti dákẹ́," ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ dùùrù yẹn títí ètè mi fi bó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan jáde lọ́wọ́ mi tó dún bó ṣe yẹ kó dún.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ pé ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọn ò nà án. Wọ́n kàn ní ọmọbìnrin kì í dúró ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin, kó má débẹ̀ mọ́. Ó parí. Ọ̀rọ̀ bàbá ni nígbà yẹn. Lónìí, ẹ̀yin tí mo ń wò yìí, tí bàbá yín bá ní ẹ má lọ, ṣebí ẹ máa béèrè ìdí ni.

Ògiri ló wá di ọ̀nà. Ibi ìdáná wọn ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Mo máa ń sọ pé mi ò rántí ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá. Irọ́ ni. Òun ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń fẹ́ ohùn kan léraléra, mo bá gbọ́ tí nǹkan kan ògiri. Kó. Orógùn ni. Mo fá orí ahọ́n náà, mo tún fẹ́ ẹ. Kó. Mo tún fá a. Kó, kó. Mo dúró. Mo ronú. Mo fá ìdí rẹ̀ díẹ̀. Kó, kó, kó. Ó wá dákẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, gbé e sókè. Tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tó, fi sílẹ̀. A ò jókòó ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ó kàn yé wa ni. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe é. Òun ń se ọbẹ̀, èmi ń fá idẹ. Mo lè sọ fún yín lónìí pé orógùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ẹni tó ni ọwọ́.

Òun náà ló ronú ọ̀rọ̀ ihò kẹta lára dùùrù. Ẹ̀tàn ńlá ayé mi wà níbẹ̀, torí ihò náà ló sọ mí di olókìkí. A pàdé létí kànga. Ó sọ ọ́ kíákíá, ó ń fa omi lọ, kò wo ojú mi.

"Bùọ̀dá, ihò kejì tí ẹ bá fà á, ihò kẹta tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ohùn kan náà ni. Ìbejì ni wọ́n. Ohùn kan sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹni tó ṣe é ò fi sí i rárá. Tí orin wa bá débẹ̀, á kọsẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò rán ọ̀kan nínú ìbejì níṣẹ́?"

Mo lọ sílé, mo fá ihò kẹta títí ó fi gòkè dé ibi tí òfìfo wà. Orin wa sì wọlé síbẹ̀. Gbogbo orin tí àwọn ọmọkùnrin ń fi gbogbo agbára fẹ́, tó ń yí gbirigbiri, ó tẹ́jú. Wọ́n ń ti Ìfọ̀ wá. Wọ́n ń ti Agége wá. Wọ́n ní kí n ṣe tiwọn bíi ti Ọ̀tà. Wọ́n ní, "Sálíù, báwo lo ṣe ro eléyìí?" Mo ní, "Mo kàn rò ó ni." Mo fi ìṣó tín-ínrín kọ orúkọ mi sára ìbòrí, ní àmì kéékèèké. SÁLÍÙ, Ọ̀TÀ. Lára gbogbo wọn.

Lámídì wá ń bọ̀. Ọmọ Ìlò-Awẹ́là ni, òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi dùùrù ẹnu jáde nígbà Iléyá. Àwọn mẹ́jọ ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ wá, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún dé. Méje, ó dà á sórí tábìlì. Ìkẹjọ, inú aṣọ ló wé e sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú sí Bọ́mà ló ni ín. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n náà ló gbé e wálé.

Ó ní, "Sálíù, èmi ò mọ ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi sí. Kò sí aṣọ rẹ̀, kò sí bàtà rẹ̀. Èémí tó mí kẹ́yìn ló wà nínú nǹkan yìí. Tún ohùn rẹ̀ ṣe, àmọ́ má fi ọsàn fọ inú rẹ̀."

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ èyí àkọ́kọ́. Ògiri dáhùn. Kó. Mo fá a. Kó. Mo tún fá a. Kó. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí kì í kàn án lẹ́ẹ̀kan tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, ó mọ ohun tó ń gbọ́. Nígbà míì á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á padà sí ẹ̀ẹ̀kan, màá tún gbé e sókè. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ahọ́n méjì dá mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń fá a, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Mi ò dúró. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́, etí mi tàbí tirẹ̀? Mo ṣe ti ẹ̀gbọ́n Lámídì kẹ́yìn. Mo fá tìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ ikọ́ àgbà lẹ́yìn ògiri. Kì í ṣe ikọ́ Sínótù. Mo gun àpótí, mo yọjú.

Ìyá Àgbà ni, ìyá Bàbá Búráímọ̀. Wọ́n jókòó ti ògiri níbi tí ibòji wà. Òkúta ńlá kan wà níwájú wọn, ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn. Ẹkùrọ́ ni wọ́n ń pa.

Mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kì í sinmi ni? Fèrè rẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹkùrọ́ mi."

"Sínótù ńkọ́, mà?"

"Ó wà ní Ìfọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ bímọ, ó lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan." Wọ́n gbé ẹkùrọ́ míì sórí òkúta. Kó.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo wo dùùrù mẹ́jọ lórí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbọ́ràn sí ẹkùrọ́ lẹ́nu.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Idẹ tí a bá ti fá kúrò, a ò lè dá a padà. Èémí òkú ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi, mo sì ti fá a dà nù.

Ọdún ku ọjọ́ mẹ́fà. Mo ronú pé kí n sá. Mo ronú pé kí n ní olè kó wọn. Nígbà tó yá, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ bá Bàbá Búráímọ̀. Wọ́n ń ránṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ran ìlà tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ dé òpin kí wọ́n tó gbójú sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí orógùn dórí ẹkùrọ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ń tún wọn ṣe?"

"Òun ni, bàbá. Ọwọ́ lèmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé lọ́dún kan, bàbá."

Wọ́n ní, "Eku ni mo pe ìró yẹn. Mo ti dẹ pàkúté síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, wọ́n gbọ́ ohun tí a ń sọ. Wọ́n ní, "Búráímọ̀, èmi ò jẹ ọmọ yìí ní gbèsè o. Ẹkùrọ́ mi ni mo ń pa. Ta ló ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹkùrọ́?" Títí wọ́n fi kú, Ọkọ Ẹkùrọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Bàbá Búráímọ̀ ránṣẹ́ sí Ìfọ̀. Sínótù dé lọ́jọ́ kejì. Pálọ̀ ilé wọn la ti ṣe é, bàbá rẹ̀ jókòó sáàárín wa, wọ́n ń ránṣọ. Ó fẹ́ èyí àkọ́kọ́, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó wò mí.

"Ta ló pa wọ́n báyìí?"

Ó tún fẹ́ ẹ. Ó ní, "Wọ́n ti ga jù. Ẹ ò lè fá wọn mọ́. Ẹ fi nǹkan wúwo sí wọn lórí."

Òjé wà nílé, mo ti rà á fún iṣẹ́ míì. Mo yọ́ ọ, mo fi orí abẹ́rẹ́ kán an sórí ahọ́n kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba orí ìṣó. Èyí tó dá, mo yọ ti dùùrù tó ti kú rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ti ẹ̀gbọ́n Lámídì, òun ni Sínótù gbé lọ́wọ́ pẹ́ jù. Ó ń fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ oúnjẹ ọmọ. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òwúrọ̀ tí òun ń lọ sí Ìfọ̀, òun kan ògiri títí, òun fẹ́ dágbére. Mi ò sí nílé. Èkó ni mo wà, òjé yẹn ni mo lọ rà.

Nígbà tí a parí, Bàbá Búráímọ̀ bọ́ ìka irin tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Sálíù, fetí sí mi. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo tún un ṣe. Orúkọ ọmọ mi ò gbọdọ̀ dé ẹnu Lámídì. Kò gbọdọ̀ dé ẹnu ẹnikẹ́ni tó ń fẹ́ nǹkan yìí káàkiri ìlú."

Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá."

Sínótù ń kó fáìlì mi jọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, Lámídì fẹ́ dùùrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò mọ orin, mo ti sọ fún yín. Àmọ́ mo rí ojú àwọn èèyàn. Mo rí ìyá Lámídì tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dúró ṣáá ni, kò mira. Lẹ́yìn náà, Lámídì gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo ayé. Ó ní, "Sálíù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí etí ẹ di. Etí tó gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò ní di láé."

Gbogbo wọn ní àmín. Èmi náà ní àmín. Mo ṣe àmín sí àdúrà tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ wò mí dáadáa. Etí ọ̀tún mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ti òsì, ẹ ń pariwo sí i kí n tó gbọ́. Tirẹ̀ ò di títí ó fi lọ. Ọlọ́run mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún.

Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá mi lọ tọrọ rẹ̀. Bàbá Búráímọ̀ ní àwọn gbà kí ògiri tó wó. A ṣègbéyàwó. A ò nílò ògiri mọ́, a sì ń ṣiṣẹ́ náà lọ. Òun á wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú orógùn rẹ̀, èmi á wà ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á jókòó tì mí, á máa wo ọwọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń wo kíṣìnnì. Orúkọ mi ń lọ sára ìbòrí.

Bàbá Búráímọ̀ kú, òmìnira ò tíì dé. Lẹ́yìn fidáù ogójì ọjọ́, Sínótù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti bí Ràṣídì, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Mo ń kọ orúkọ mi sára ìbòrí kan lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá ti lọ. Ṣé ẹ lè fi tèmi sí i báyìí?"

Mo ní, "Mo bá wọn ṣe àdéhùn."

"Ẹ bá bàbá mi ṣe é. Èmi ńkọ́? Kí lẹ bá mi ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "A ó ṣe é, fara balẹ̀." Ó tún ọ̀já Ràṣídì so, ó padà sínú ilé. Kò béèrè mọ́. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló béèrè.

Kí ló dé tí mi ò ṣe é? Mo ti bi ara mi. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, ẹ̀rù wọn ni. Lẹ́yìn ikú wọn... òkú ni mo sá sí lẹ́yìn. Ó dùn mọ́ mi kí wọ́n máa pe etí náà ní tèmi. Òtítọ́ nìyẹn.

Òmìnira dé. Rédíò dé, gírámafóònù dé. Ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Ṣàngó, ọ̀kan, èjì, wọ́n pọ̀. Ariwo dé. Àwọn ọmọ ò fẹ́ dùùrù ẹnu mọ́. Mo gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, mo ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti lọ.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ yunifásítì kan ti ọ̀nà Ìyànà Ìyẹ̀sí wá. Wọ́n rí dùùrù kan tó ní orúkọ mi lára. Wọ́n gbé kámẹ́rà wá. Màmá yín gbé omi fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ihò kẹta yìí, ta ló kọ́ yín? Ta ló kọ́ etí yín?"

Màmá yín dúró síbẹ̀. Àwo omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni tó lè dí mi lẹ́nu nínú yàrá yẹn.

Mo ní, "Ọlọ́run ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó ife wọlé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tẹ̀ lé e lọ sí kíṣìnnì. Mo ní, "Sínótù, ṣé inú ń bí ẹ?"

Ó ní, "Lórí kí ni, Bàbá Ràṣídì? Ọlọ́run náà lẹ dárúkọ."

Nígbà tó kú, ẹ rí bí èrò ṣe pọ̀. Ọmọ Lámídì ti Ìlò-Awẹ́là wá. Òun náà ti darúgbó. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Màmá ṣe wá lóore. Ìgbàkigbà tí èmi àti bàbá mi bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n máa ń fún wa lómi."

Omi. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Mo sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó máa ń fún yín lómi."

Ẹ má bínú... Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyàwó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní. Ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀, ẹ fi fún un nígbà tó lè gbọ́ ọ. Mi ò ní ìmọ̀ràn míì. Ẹ̀yin ayé òde òní, ẹ máa ń sọ gbogbo nǹkan síta, a máa ń bú yín. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbọ́n.

Fidáù ogójì ti kọjá. Mi ò tíì lọ sí ibi tí wọ́n sin ín sí. Mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n ká ẹní ìkírun rẹ̀. Mi ò tíì fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní aṣọ kankan nínú aṣọ rẹ̀, wọ́n ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì sùn sápá ibùsùn tirẹ̀. Dùùrù mẹ́ta ló kù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sára èyíkéyìí nínú wọn, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Mi ò tíì pe àwọn ọmọ yunifásítì pé kí wọ́n padà wá. Mi ò tíì dé Ìlò-Awẹ́là lọ bá ọmọ Lámídì. Ẹ̀yin ni mo sọ fún. Mi ò tíì sọ fún ẹlòmíràn.